Ẹ Gbé Ìwé Àdéhùn Síta Ká Kà Á

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta tó jẹ́ ti ìjọba Nàìjíríà. Paris la ti gbọ́ ariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìgbẹsà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ kan láti Ṣáínà, Zhongshan Fucheng, ti ń bójú tó agbègbè òwò ọ̀fẹ́ Ògùn-Guangdong, títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2016. Iléeṣẹ́ náà pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ síwájú ìgbìmọ̀ aládàájọ́ ní London, lábẹ́ àdéhùn kan tí Nàìjíríà àti Ṣáínà tọwọ́ bọ̀ ní 2001 láti dáàbò bo owó tí ọmọ orílẹ̀-èdè kan bá fi dókòwò ní orílẹ̀-èdè kejì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ìgbìmọ̀ náà dá iléeṣẹ́ náà láre: kí Nàìjíríà san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 55 dọ́là, kó sì san èlé lé e lórí. Nígbà tí owó kò jáde, iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lépa dúkìá Nàìjíríà kiri òkèèrè, láti ilé méjì ní Liverpool dé orí ọkọ̀ òfuurufú ààrẹ.

Ẹ̀yin ará, mélòó nínú wa ló ti gbọ́ nípa àdéhùn ọdún 2001 yẹn rí kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tó jáde? Ta ló jókòó ti ará Ìgbẹsà, tó là á yé wọn pé bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá bá àlejò já, gbogbo Nàìjíríà ni yóò san owó ìtanràn rẹ̀? Ìdí tí mo fi kọ ìpè yìí nìyẹn. Mo fẹ́ ká pa ohùn pọ̀, ká ní kí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ máa gbé gbogbo ìwé àdéhùn ẹ̀yáwó, ti ọ̀nà, ti èbúté, ti ilẹ̀ àti ti ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n bá fẹ́ bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe síta, kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ṣáínà ni n ó fi ṣàlàyé, nítorí iléeṣẹ́ rẹ̀ ló la reluwé láti Èkó dé Ìbàdàn, iléeṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ èbúté Lẹ́kkí, ọjà rẹ̀ ló sì kún ọjà Balógun. Mi ò ní ká kórìíra ará Ṣáínà o. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni gbogbo orílẹ̀-èdè alágbára ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ àti iléeṣẹ́ ọṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá epo pupa lójú méjèèjì, ọkọ̀ ogun wọn yìnbọn lu Èkó ní 1851, wọ́n sì gba ìlú náà pátápátá ní 1861. Pé àwọn fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú ni ẹnu wọn ń sọ. Epo pupa wà nídìí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ohun tí alágbára bá ṣaláìní nínú ilé rẹ̀, àti ohun tó bá pọ̀ jù fún un, ló ń darí ọ̀rẹ́ tó ń yàn níta. Ẹni tó bá mọ ohun tí àlejò ń wá ló lè bá a nájà.

Kí wá ni Ṣáínà ń wá? Láti ìparí ọdún 1978 tí Deng Xiaoping ti ṣí ilẹ̀kùn orílẹ̀-èdè náà fún òwò ni iléeṣẹ́ rẹ̀ ti ń gbòòrò. Ó wọ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, ọjà rẹ̀ sì bo ayé. Epo rọ̀bì tó ń wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ kò tó o mọ́ láti 1993. Láti 2017 ló ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ Amẹ́ríkà láàárín àwọn tó ń ra epo rọ̀bì láti òkèèrè. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, tí oníbàárà ń fà sẹ́yìn, ìjọba Beijing kéde tírílíọ̀nù mẹ́rin owó yuan, wọ́n sì da púpọ̀ nínú rẹ̀ sí títì, afárá, reluwé àti ilé kí iṣẹ́ má baà dúró. Agbára iléeṣẹ́ irin àti sìmẹ́ǹtì wọn wá kọjá ohun tí ilé lè lò tán. Lónìí, ju ìdajì irin tí gbogbo ayé ń ṣe ló ń ti Ṣáínà jáde, nǹkan bí ìdajì sìmẹ́ǹtì náà sì ni. Owó ilẹ̀ òkèèrè tó wà nípamọ́ lọ́wọ́ ìjọba wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tírílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ní 2014.

Ẹni tí irin rẹ̀ pọ̀ jù, tí agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ ń wá iṣẹ́, tí dọ́là kún ọwọ́ rẹ̀, tí epo, bàbà àti lithium kò sì tó o, kò lè jókòó sílé. Ní 2013, Ààrẹ Xi Jinping kéde ètò ńlá tí yóò fi títì, reluwé àti èbúté so Ṣáínà pọ̀ mọ́ ayé. Àpérò Ṣáínà àti Áfíríkà ti wà láti ọdún 2000; ní Johannesburg ní 2015, wọ́n ṣèlérí bílíọ̀nù 60 dọ́là fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ wo bí irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn. Bánkì Exim ti Ṣáínà yá ìjọba wa lówó. Àdéhùn sọ pé agbaṣẹ́ṣe láti Ṣáínà ni yóò ṣe iṣẹ́, àti pé ó kéré tán ìdajì ohun èlò gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó náà kì í gba Abuja kọjá. Láti ọwọ́ bánkì ló ń bọ́ sọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Irin Ṣáínà rí ọjà, ẹnjiníà Ṣáínà rí iṣẹ́, bánkì Ṣáínà rí èlé. Àwa rí reluwé, a sì rí gbèsè. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, kìlómítà 157, irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Reluwé náà wúlò, mi ò sì bá ẹni tó ń wọ̀ ọ́ jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé òwò ni, a sì gbọ́dọ̀ fojú òwò wò ó.

Agbára ọrọ̀ ajé yìí kan náà ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tí Ṣáínà bá ń bá orílẹ̀-èdè mìíràn jíròrò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Ṣáínà, Wang Yi, wá sí Abuja. Ní àkókò ìbẹ̀wò náà ni ìjọba wa kéde pé kí Taiwan, erékùṣù tí Ṣáínà ní tòun ni, kó ọ́fíìsì ìṣòwò rẹ̀ kúrò ní Abuja lọ sí Èkó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Beijing ní òun yóò yọ owó ẹnu bodè kúrò lórí ọjà orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́tàléláàádọ́ta. Eswatini nìkan ni kò sí níbẹ̀, nítorí pé Taiwan ló ń bá ṣọ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n fún Liu Xiaobo, alátakò ìjọba Ṣáínà, ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní Oslo ní 2010, Ṣáínà di Norway lójú títí di ìparí 2016, ẹja salmon wọn sì jìyà lọ́jà Ṣáínà. Ní 2020, Australia ní kí wọ́n wádìí orísun àrùn Kòrónà. Láìpẹ́, owó ẹnu bodè gọbọi já lu ọkà báálì àti wáìnì rẹ̀, wọn kò sì mú ti wáìnì kúrò títí di 2024. Amẹ́ríkà pàápàá tọ́ ọ wò: nígbà tí Donald Trump fi owó ẹnu bodè lé ọjà Ṣáínà ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Beijing dín títa àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì ṣíṣọ̀wọ́n tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ àti ohun ìjà kò lè ṣe aláìlò kù, Washington sì padà wá jókòó sọ̀rọ̀.

Bí ọrọ̀ ajé bá yí, ìbáṣepọ̀ náà a yí. Láti 2021 ni iléeṣẹ́ ńlá tó ń kọ́ ilé ní Ṣáínà, Evergrande, ti wọ gbèsè tí kò lè san, tí òwò ilé kíkọ́ níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Boston tó ń ṣírò ẹ̀yáwó Ṣáínà sí Áfíríkà rí i pé ó lé ní bílíọ̀nù 28 dọ́là ní 2016, ṣùgbọ́n nǹkan bí bílíọ̀nù kan péré ni ní 2022. Ìfẹ́ tí wọ́n ní ó wà láàárín wa kò yí padà láàárín ọdún mẹ́fà yẹn. Àpò ló yí padà. Ẹ lọ wo ibùdó reluwé ní Ìbàdàn. Láti 2006 ni ìjọba Ọbásanjọ́ ti gbé iṣẹ́ reluwé Èkó sí Kánò fún iléeṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà, síbẹ̀ ojú irin tuntun tó kúrò ní Èkó kò tíì kọjá Ìbàdàn.

Owó ẹ̀yáwó dín kù, ṣùgbọ́n ọjà kò dín kù. Ní 2024, ohun tí Ṣáínà tà fún ayé fi nǹkan bí tírílíọ̀nù kan dọ́là ju ohun tó rà lọ. Bí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ṣe ń ti ilẹ̀kùn, ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú ọjà náà ń dorí kọ. Pánẹ́ẹ̀lì sólà tó ń tan iná sí ṣọ́ọ̀bù yín wà lára rẹ̀, ó sì ṣe wá lóore. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ bí àdìrẹ, tó ń bá àdìrẹ ọwọ́ du oníbàárà ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Òkúta lithium tí wọ́n ń wà ní Òkè-Ògùn sì wà lára ohun tí bátìrì ọkọ̀ wọn ń pè. Gbogbo èyí yóò di àdéhùn lọ́la. Ta ni yóò kà á fún wa?

Àwọn kan ti kà á rí, wọ́n sì jèrè. Ní 2018, Mahathir Mohamad padà sórí oyè ní Malaysia, ó dá iṣẹ́ reluwé kan tí Ṣáínà ń ṣe dúró, ó ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n tún un nájà: iṣẹ́ bílíọ̀nù 65.5 owó ringgit wálẹ̀ sí bílíọ̀nù 44. Ní 2020, Indonesia ní òkúta nickel kò gbọ́dọ̀ jáde nílùú mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n yọ́ ọ nílé. Àwọn iléeṣẹ́ Ṣáínà kò bínú lọ. Wọ́n wá kọ́ iléeṣẹ́ ìyọ́rin síbẹ̀, nítorí wọ́n nílò nickel náà.

Ti Kenya ló yẹ kó wọ̀ wá lára jù, nítorí ará ìlú ló ṣe é. Ọkùnrin kan, Okiya Omtatah, gbé ọ̀rọ̀ reluwé Mombasa sí Nairobi lọ sílé-ẹjọ́ ní 2014. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà fún iléeṣẹ́ Ṣáínà ní iṣẹ́ náà kò bá òfin mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ibẹ̀ yí i padà ní 2023. Àwọn mìíràn tún lọ sílé-ẹjọ́ láti gba ìwé àdéhùn náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba tuntun gbé lára rẹ̀ síta. Omtatah di sẹ́nétọ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ṣáínà kò sì bá Kenya já.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀ sọ ní 2020 pé títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún náà, gbèsè tí a jẹ Ṣáínà jẹ́ bílíọ̀nù 3.121 dọ́là, nǹkan bí ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè òkèèrè wa. Èlé rẹ̀ jẹ́ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ogún ọdún ni sísan rẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín: Bánkì Àgbáyé àti àwọn tó ra ìwé gbèsè wa lọ́jà òkèèrè la jẹ jù, èlé ìwé gbèsè náà sì le lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà ìpè yìí kan gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n iye owó àti iye èlé nìkan kọ́ ni àdéhùn. Ní oṣù Keje ọdún 2020, ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, tí Nicholas Ossai ṣe alága rẹ̀, fi hàn pé nínú ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 400 dọ́là fún iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba, Nàìjíríà ti kọ̀wé pé òun kò ní fi ipò òun gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè olómìnira bojú bí wọ́n bá pe òun lẹ́jọ́. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ẹ̀yáwó àgbáyé. Síbẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé ni ọ̀pọ̀ aṣòfin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́. Kí ni mínísítà ìrìnnà ìgbà náà, Rotimi Amaechi, sọ? Ó bẹ àwọn aṣòfin kí wọ́n rọra, kí ìwádìí wọn má baà mú Ṣáínà kọ̀ láti yá wa lówó mọ́.

Ẹni tó fẹ́ gba yàrá kan ní Agége, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á kọ́kọ́ ka ìwé onílé kó tó jẹ́ kó sanwó. A kò gbọ́dọ̀ ṣe kéré jù bẹ́ẹ̀ fún gbèsè ogún ọdún tí ọmọ tí a kò tíì bí yóò bá wa san.

Àsìkò sì ti tó. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Sẹ́nétì fọwọ́ sí ètò ẹ̀yáwó òkèèrè tuntun tó lé ní bílíọ̀nù 21 dọ́là. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Ààrẹ Tinúbú wà ní Beijing níbi tí Ṣáínà ti ṣèlérí bílíọ̀nù 360 owó yuan fún Áfíríkà láàárín ọdún mẹ́ta. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e yóò wáyé ní Congo-Brazzaville ní 2027, ọdún ìdìbò tiwa. Àwọn tó fẹ́ ìbò wa yóò wá bá wa, àwọn tó fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé yóò sì wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ohun mẹ́ta la ń bèèrè. Àkọ́kọ́, kí gbogbo àdéhùn ẹ̀yáwó àti ti agbègbè òwò ọ̀fẹ́ wà lójútáyé fún oṣù kan ó kéré tán kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ìtumọ̀ kókó inú rẹ̀ sì wà ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Ìkejì, kí aṣòfin má fọwọ́ sí orúkọ iṣẹ́ àti iye owó lásán. Kí wọ́n ka ìwé náà níwájú wa, kí wọ́n sì pe ará agbègbè tí iṣẹ́ náà kàn wá sọ tẹnu wọn. Ìkẹta, kí àdéhùn sọ ní pàtó iye ọmọ wa tí wọn yóò gbà síṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn yóò kọ́ wọn, àti pé òkúta ilẹ̀ wa kò ní jáde ní tútù.

Òfin wà lẹ́yìn wa. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba láìsọ ìdí, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ tẹ́lẹ̀ pé kò kàn wọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ó kan ìjọba gbogbo. Òfin ìnáwó ìjọba ti ọdún 2007 tún sọ ní abala 51 pé ẹnikẹ́ni lè lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kí òfin náà lè di mímúṣẹ, láìní láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan òun ju ẹlòmíràn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin agbẹjọ́rò wa, ẹ mú àdéhùn kan ṣoṣo, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ ka ọjọ́ méje, ẹ lọ sílé-ẹjọ́ bí wọn kò bá fèsì. Ẹ̀yin ará Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ yín ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún èbúté Lẹ́kkí. Ẹ bèèrè ohun tó ń wọlé láti ibẹ̀. Ẹ̀yin aláṣọ Ìtòkú àti ẹ̀yin oníṣòwò Balógun tí ẹ ń lọ sí Guangzhou, ẹ mọ ọ̀nà tí ọjà ń gbà wọlé ju mínísítà lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín kọ̀wé sí àwọn aṣojú yín. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òru bá baálẹ̀ ṣe ìwé lórí ilẹ̀ yín. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ẹ pe aṣòfin wá sí ètò yín, ẹ bi í pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ka ìwé tí ẹ fọwọ́ sí?” Ẹ̀yin ọmọ wa ní London, ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ Zhongshan wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ kà; ẹ kà á, ẹ túmọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sílé.

Bí olùdíje bá sì dé ẹnu ọ̀nà yín nítorí ìdìbò 2027, kó tó gbé ìrẹsì kalẹ̀, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní fọwọ́ sí gbèsè tí ará ìlú kò rí ìwé rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣèlérí ìyẹn, ẹ má dìbò fún un. Ṣáínà mọ ohun tó ń wá lọ́dọ̀ wa, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí àwa náà mọ tiwa, ká kọ ọ́ síbẹ̀, ká sì kà á síta kí ẹnikẹ́ni tó gbé kálámù.